Ẹni Tó Bá Já Ewé, Kó Mú Eérú Wá

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ aago náà nítorí pé mo ń wo fóònù mi léraléra. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkọ̀ tó máa gbé wa padà sí Òṣogbo lè lọ, ẹ̀rù sì tún ń bà mí pé tí mo bá yára kúrò níbẹ̀, n ò ní bá ohun tí mo wá wò mọ́ nígbà tí mo bá padà wá. Bí mo ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì tí n kò tíì ríṣẹ́. Ẹ̀rù kan kì í dá wá sọ́dọ̀ mi.

Bàbá ni bàbá tó bí ìyá mi. Iléṣà ló ń gbé, nínú ilé tí wọ́n bí i sí, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára. Ẹ̀yìn ilé náà ni ọgbà ewé wà, èyí tí ìyá rẹ̀ gbìn. Bọ̀dá Délé, àbúrò ìyá mi, ló pè wá pé àwọn bíríkìlà ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ láti da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀, kó tètè wá hú u. Èmi àti Táyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, la lọ. Èmi kó àpò láílọ́ọ̀nù dání tí màá fi gbé ewé. Táyọ̀ ra àgbo inú ìgò kan ní gáréèjì, ó ní òun ò lè wọlé tọ àgbà lọ́wọ́ òfo.

Ìgò yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó gba ìgò náà, ó gbé e sójú oòrùn, ó mì í.

"Kí lèyí ń wò?"

"Gbogbo nǹkan ni, Bàbá," ni Táyọ̀ wí. "Ibà, jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀yìn ríro, àtọ̀gbẹ, àìróorunsùn. Ẹ wò ó, wọ́n kọ ọ́ sí i lára."

"Ṣé ó lè bá mi gba ilẹ̀ mi tó wà ní kóòtù?"

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ewé wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Wọn ò kọ ìyẹn."

"Wọ́n kọ gbogbo àrùn, wọn ò kọ ewé kan. Ẹni tó ṣe èyí ò bá ewé gbélé rí. Ojú ọ̀nà ló ti pàdé rẹ̀."

Ó gbé ìgò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé òkú eku sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Màá kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ibi tó bá ti bú wa, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí pé tí mo bá yọ èébú kúrò nínú ọ̀rọ̀ Bàbá, díẹ̀ ló máa kù.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ orí fóònù. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, nígbà tí kòkó ṣì ń jẹ́ kòkó, kò sẹ́ni tó ń ra ewé ní Iléṣà yìí àfi àlejò. Ewé tí kò bá sí lẹ́yìnkùlé tìrẹ, ó wà lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn. Tiwa ni wọ́n ń wá jù, nítorí ọwọ́ Yèyé mi.

"Ṣé ẹ ti gbọ́ ìró àpáàdì nínú àárò rí? Níbo lẹ ti fẹ́ gbọ́ ọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti ilé dé ilé, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń fi àfọ́kù ìkòkò wa eérú nínú àárò rẹ̀. Tó bá ti dún báyìí, a ti mọ ilé tí ara ò yá. Kò sẹ́ni tó máa lọ kéde fún ìlú pé ọmọ òun ń gbóná. Ìró yẹn ti kéde. Kí oòrùn tó yọ, ẹni mẹ́ta ti yà síbẹ̀ láti béèrè ọmọ náà. Lónìí, èèyàn á kú sí yàrá kejì, ẹ ó máa fi fóònù wá a."

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí abẹ́ igi ìyeyè.

"Òfin Yèyé ò ju ọ̀kan lọ. Ẹni tó bá já ewé, kó mú eérú wá, eérú ìdáná ilé tirẹ̀, kó bù ú sídìí ohun tó já. Kò gba owó. Kò gba ẹ ṣé. Ó ní ewé tó bá jẹ eérú ilé rẹ ló máa mọ ohun tí ìwọ náà ń jẹ. Àwọn ará ìlú yòókù máa ń fi àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ò mọ ìdí ìṣáná, pé ilé la ti ń múná roko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tó ń múná láti ilé mọ ibi tí eérú rẹ̀ wà.

"Ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kò sí ebè níbẹ̀, kò sí poro. Yèyé ò gbin ewé síbi tó wu Yèyé. Á gbé e káàkiri bí ẹni tó ń wá ilé ọkọ fún ọmọ rẹ̀, títí ewé á fi sọ pé ibí yìí tẹ́ òun lọ́rùn. Rinrin ní ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà kọjá lòun fẹ́, kí oòrùn má rí òun. Ọ̀dúndún ní ìdí àmù. Ẹfinrin ló wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀fọn tó bá ń bọ̀ kọ́kọ́ bá a wí tẹnu. Asùnwọ̀n fẹ́ oòrùn, ó wà níbi pèrègún tó yí ọgbà ká. Ìyeyè wá na ọwọ́ lé gbogbo wọn lórí. Ewé rẹ̀ tó bá já bọ́, ibẹ̀ ló ń jẹrà sí. Ẹni tó bá gbé ìgbálẹ̀ wọ ibẹ̀, Yèyé á bi í bóyá ajẹ́lẹ̀ ló ń bọ̀ wá kí wa.

"Kòkòrò náà wà nígbà yẹn. Tí a bá sá lọ sọ fún un pé kòkòrò ti jẹ ewúro, á ní ká fi í sílẹ̀, àìsàn ló ń ṣe òun náà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ rí kòkòrò kan, ẹ da oògùn apakòkòrò lé gbogbo ewé lórí, ẹ wá se ewé náà, ẹ mu ún, ẹ ní àgbo ò jẹ́ mọ́. Èèpo ìyeyè yẹn, ibi tí oòrùn ti ń yọ nìkan la ti ń bó o. A ó fi amọ̀ lẹ ojú ọgbẹ́ náà, a ò sì ní fọwọ́ kan igi yẹn mọ́ títí ojú ọgbẹ́ á fi jinná. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wo àwọn igi ẹ̀gbẹ́ títì. Wọ́n ti bó wọn yípo bí ìrèké. Igi tó ti kú lórí ìdúró lẹ ń sè, ẹ wá ń retí kó fún yín ní ẹ̀mí."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí lára mi bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Inú ń bí mi díẹ̀, nítorí pé èmi kọ́ ni mo bó igi kankan. Ojú tún ń tì mí, bí ẹni tó jẹun níbi tí wọ́n ti jalè. Ní abẹ́ gbogbo rẹ̀, mo ń gbádùn ara mi. N ò mọ̀ bóyá ó bójú mu kí èèyàn gbádùn èébú tó ń ba òun náà.

Bàbá ò dúró dè mí. Ọ̀rọ̀ ewúro ti gbé e dé ìdí iyán.

"Ọjọ́ kejì ọdún Ìwúdè, ewé kì í ṣẹ́ kù lára ewúro Yèyé bí kò ṣe ti orí, torí pé a kì í já orí. Ẹ mọ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú iyán. Àwọn ọkùnrin tó ti jẹ ju ikùn wọn lọ máa tò síbí yìí, àpáàdì eérú lọ́wọ́ kan, ikùn lọ́wọ́ kejì. Yèyé á ní, 'Olóyè, ṣé iyán lo jẹ àbí odó lo gbé mì?' Olóyè á rọra sọ pé, 'Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó mi gbọ́.' Ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti àpáàdì tirẹ̀."

Ìgbà yẹn ni Bàbá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ẹ̀rín náà sì yára lọ.

"Tíṣà kan wà tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, Mùsùlùmí ni, ọmọ Òṣogbo. Ẹgbẹ́ ni wá. Òun ló kọ́kọ́ gbé sítóòfù wọ àdúgbò yìí. Gbogbo wa la lọ wò ó níbi tó ti ń jó búlúù bí iná àǹjọ̀nú. Ó pẹ́, ibà mú Tíṣà. Ó fẹ́ já ewé, kò ní eérú. Kí ló ṣe? Ó gbá ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì nílé ìwé, ó dì í sínú bébà, ó gbé e tọ Yèyé wá. Ó rò pé gbogbo ohun tó bá ti funfun tó sì kúnná, eérú ni. Yèyé fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó ní, 'Tíṣà, irú ọbẹ̀ wo lo sè tó jóná tó báyìí?'

"A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n Yèyé ò lé e. Ó ní kó wá jókòó ti àárò òun, kó máa ko igi sí i, títí igi á fi di eérú. Tíṣà jókòó pẹ̀lú ibà lára, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná, ó ń làágùn bí ẹni gun òkè. Nígbà tí eérú fi máa wà, ibà náà ti ń wá ọ̀nà àtilọ. Ó bu eérú rẹ̀, ó já ewé rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń wá jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe ewé ló ń wá mọ́.

"Lẹ́yìn ìyẹn ni owó epo rọ̀bì dé, tí olúkúlùkù di ọ̀gá. Ẹni tó ń fọ́ kòkó lánàá ti wọ Èkó, ó ti ń sọ̀rọ̀ nímú. Ilé tí wọn ò rówó tún òrùlé rẹ̀ tó ń jò ṣe, wọ́n ra sítóòfù sínú rẹ̀. Àárò di ibi tí adìyẹ ń yé sí. Ìró àpáàdì ń dín kù láti ilé kan sí èkejì, títí òwúrọ̀ fi dákẹ́. Wọ́n wá ń wá lọ́wọ́ òfo. 'Ẹ ṣé, Yèyé, Ọlọ́run á san án fún yín.' Yèyé á ní, 'Ọlọ́run ò fi igi dáná. Eérú tìrẹ dà?' Wọ́n á bínú lọ. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn tí ewé rẹ̀ gbé ọmọ wọn dìde ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹnì kan lójúlé kejì wá gbin tirẹ̀. Ó hú gbogbo koríko, ó ta okùn, ó to ewé bí ọmọ ilé ìwé tó tò fún àdúrà àárọ̀. Ó ń da ajílẹ̀ inú àpò sí i. Ewúro rẹ̀ fẹ̀ bí àwo. A jẹ ẹ́, kò korò. Ewúro tí kò korò, kí la fẹ́ fi ṣe, ká fi pọ́n mọ́ínmọ́ín? Wọ́n ń rà á o. Wọ́n ní èyí ò yọ ọmọ lẹ́nu. Ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn tó fẹ́ ara líle tí kò fẹ́ fajú ro."

Ibẹ̀ ni mo ti bi í ní ìbéèrè kan. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tó ti sọ̀rọ̀ Tíṣà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, n kì í bi Bàbá ní ìbéèrè.

"Bàbá, lẹ́yìn Yèyé, ta ni ẹ kọ́?"

"Ta ni màá kọ́? Wọ́n wá. Ọ̀kan wọ bàtà wọnú ọgbà, ó ní ẹ̀gún wà níbẹ̀. Mo lé e. Òmíràn ń bi mí ohun tí ewé ń wò kó tó bi mí lórúkọ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò fẹ́ mọ ewé, ó fẹ́ lò ó ni. Mo lé e. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín ṣáá."

"Bàbá, ọmọdé ni ìyá mi nígbà yẹn."

"Ewé náà ò dàgbà, kò rẹ́rìn-ín."

Mo ń wo àárò Yèyé tó wà lábẹ́ àtíbàbà, níbi tí Bàbá ṣì ti ń fi igi dáná. Tíṣà gbé ṣọ́ọ̀kì wá, wọ́n fún un ní ìjókòó. Àwọn tó tọ Bàbá wá, ó lé wọn nítorí bàtà. Ó dùn mí, ó sì tún jọ pé mò ń hùwà àfojúdi nínú ọkàn mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé kọnkéré Bọ̀dá Délé kọ́ ló máa kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé yẹn, lílé tí Bàbá ń lé èèyàn ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Bọ̀dá Délé fúnra rẹ̀ wọlé nígbà náà, tòun ti okùn tó fẹ́ fi wọn ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Bàbá wo okùn náà.

"Bàbá ti ń bú mi fún yín, àbí?" ló bi wá. "Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ejò jáde níbẹ̀? Ṣé wọ́n sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú lásìkò òjò, tí ìbàdí wọn fi di bó ṣe dà yìí?"

"Ilẹ̀ tó gbé mi ṣubú ni mo tẹ̀ dìde," ni Bàbá wí.

"Èmi ni mo gbé yín dìde, Bàbá."

Mo ti múra tán láti kórìíra Bọ̀dá Délé lọ́jọ́ yẹn, n ò wá rí i ṣe. Ó ní kí n máa hú ohun tí mo bá fẹ́, pé Sátidé ò ní yẹ̀.

Bàbá jókòó sí ìjókòó rẹ̀, ó ń pàṣẹ. Kí n gbé rinrin tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀. Kí n já ewé àbámodá kan péré, pé á fi ara rẹ̀ sọ ọmọ. Kí n mú ọ̀dúndún àti asùnwọ̀n kékeré kan tó dá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèrègún. Ó ní tí mo bá padà wá kí ọjọ́ náà tó pé, màá gé ẹ̀ka ìyeyè, màá rì í mọ́lẹ̀, á yè. Ó wá da àgbo Táyọ̀ nù sínú gọ́tà, níbi tó jìnnà sí ewé rẹ̀, ó ní kí Táyọ̀ fọ ìgò náà, kó gbẹ ẹ́, kó sì bu eérú àárò sínú rẹ̀ fún mi. Ẹnu ìgò náà há. Ẹ ò bá rí Táyọ̀ bó ṣe ń fi ṣóńṣó bébà da eérú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó ń wú ikọ́, tí Bàbá ń sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyẹn ni ìbẹ̀rẹ̀," ni Bàbá wí fún mi. "Ẹni yòówù tó bá já a lọ́dọ̀ rẹ, kó mú eérú wá. Eérú ìdáná ilé rẹ̀ o, kì í ṣe èyí tó tọrọ lọ́wọ́ alákàrà."

"Bàbá, gáàsì la fi ń dáná ní Ọ̀fàtẹ̀dó létí Òṣogbo níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní eérú ní gbogbo àdúgbò wa."

Ó yíjú sí mi.

"Kí lẹ wá fi ń mọ̀ pé ẹ jẹun lánàá?"

Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ yàtọ̀ sí mo gbà, ṣùgbọ́n Bàbá mú un pé mo gbà, n ò sì tún un ṣe. Gbogbo ọ̀nà láti Iléṣà ni mo fi ń ro ìyẹn. Mo gbé asùnwọ̀n lé itan lórí ọ̀kadà láti gáréèjì dé ilé wa, mo ń fi ọwọ́ bo ewé rẹ̀ kí atẹ́gùn má ya á.

Ilé tí à ń háyà la gbìn wọ́n sí, lẹ́yìn táǹkì omi. Ọ̀dúndún dúró. Rinrin sùn sílẹ̀, ó tún jí. Asùnwọ̀n já ewé púpọ̀ sílẹ̀, ó wá ku díẹ̀ lára rẹ̀. Lánàá, Ìyá Wàrísì, télọ̀ tó wà lójúlé kejì, ń sá aṣọ, ó rí i. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìyá òun àgbà máa ń fi í pa làpálàpá, pé òun ti wá a títí láti fi ra orí Wàrísì. Ó pe ọmọ náà kí n wò ó. Làpálàpá náà ti gba àárín orí rẹ̀, ó sì ń họ ọ́ bó ṣe dúró níbẹ̀. Mo sọ òfin eérú fún un. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé ó jọ ọ̀rọ̀ ẹni tí ìwé ti yí lórí. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ìyẹn ò le."

Láàárọ̀ yìí, ó gbé ike ọ̀dà kan dé, eérú kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

"Eérú dé o, Àǹtí. Pàǹtí ilé wa ni mo sun nítorí yín. Tiwa gan-an ni, mi ò tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo wo inú rẹ̀. Láílọ́ọ̀nù tó yọ́ ti lẹ̀ mọ́ eérú náà, ó dúdú, ó ń dán. Orí bátìrì méjì wà níbẹ̀, agolo mílíìkì, àti bọ́tìnnì aṣọ tó ti jó. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó yege ìdánwò. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó padà wá nírọ̀lẹ́, pé mo fẹ́ jẹ́ kí ewé sinmi díẹ̀. Irọ́ ni mo pa, ó sì ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá bu eérú yẹn sídìí asùnwọ̀n, mo gbà pé ó máa pa á, kò sì sí òmíràn lọ́dọ̀ mi. Tí mo bá já ewé fún un lásán, ọ̀la ni gbogbo àdúgbò á tò sẹ́yìn táǹkì pẹ̀lú ẹ ṣé. Tí mo bá dá a padà tòun ti ike rẹ̀, mo ti di Bàbá, mi ò sì tíì lo ọ̀sẹ̀ kan nídìí iṣẹ́ náà. Ohun tí Yèyé ṣe fún Tíṣà wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù wa ò gba èéfín láyè, mi ò sì fi igi dáná rí láyé mi. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá kí n lọ gé ìyeyè náà kí Sátidé tó pé, àbí kí n jẹ́ kí kọnkéré gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ náà ń họ orí lẹ́nu ọ̀nà wọn, mò ń rí i láti ojú fèrèsé. Ike náà wà lẹ́sẹ̀ mi. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?